Ẹni Tó Ta Bọ̀dá Báńkì Lọ́fà

Ẹ jókòó. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mì. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó yé wa pé èmi kì í ṣe olófòófó. Olófòófó a máa wá ọ̀rọ̀ lọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Onídìrí ni mí. Ẹni tó bá gbé orí sáàárín orúnkún mi fún wákàtí mẹ́ta, tí ìkótí ń la ọ̀nà ní ìpàkọ́ rẹ̀, kí ni kó máa ṣe bí kò bá sọ̀rọ̀? Kó sùn? Bó bá sùn, màá fa irun.

Ilé tí à ń gbé n'Ìbàdàn yìí, yàrá mẹ́rìndínlógún ló ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kànga kan, ṣáláńgá méjì tí ọ̀kan ti kún láti ayé Abacha. Mo mọ yàrá tí wọ́n ti ń jẹ ẹran, mo mọ èyí tí wọ́n ti ń pọ́n egungun lá. Mo mọ ẹni tó jẹ lánlọ́ọ̀dù lówó oṣù mẹ́jọ, mo sì mọ ìdí tí lánlọ́ọ̀dù ò fi lè lé e. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Báńkì ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ilé yíjú sí: ta ló ṣe é?

Ẹ ṣáà mọ Bọ̀dá Báńkì. Ẹni ọdún 34, ọmọlúàbí, ẹni tí kì í jẹ gbèsè owó iná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé, tòun ti ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Imú mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn. Mọ́ńdè, sùúyà. Túsìdé, ṣàwámà. Wẹ́sìdé, ìrẹsì díndín àti itan adìẹ díndín. Ọ̀rá nínú ọ̀rá. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, orí àga ló ń wà. Ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé láti bí ọdún méjì, a ó sì máa kí i pé, "Bọ̀dá, ayé ń yẹ yín o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ká bá òun dúpẹ́. Bí a ti ń kí ara wa nílé yìí nìyẹn. Ẹni tó bá sanra, ayé yẹ ẹ́. Ẹni tó bá tín-ín-rín, ọkọ rẹ̀ ahun ni. Èmi tín-ín-rín. Wọ́n ti bú ọkọ mi títí nítorí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sápò, màá gbà á lọ́wọ́ yín tó bá yá.

Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn aago méje. Bọ̀dá Báńkì dúró lẹ́bàá kànga, ó ń fọ eyín. Èmi ń túrun ọmọ Ìyá Ìbejì. Mo rí i tí búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọwọ́ ọ̀tún ò gbọ́. Ó kàn ń fì dirodiro bí apá ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àlejò. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti já wálẹ̀, ìfófòó ọṣẹ ìfọyín ń gba igun ẹnu rẹ̀ ṣàn dé àyà síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí mi. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu.

Ìyá Ẹlẹ́ja tó ń gbọ́n omi lójú kànga pòṣé. Ó ní, "Ọtí àná ni ò tíì dá lójú wọn." Ọtí! Ọkùnrin tí kì í mu ju mọ́ọ̀tì lọ. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ti jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ẹ wá wo ilé! Bàbá Wòlíì jáde láti yàrá kẹrin, wọ́n ní ọfà ni, wọ́n ta á lójú oorun. Ìyá Ìbejì ń ké pe Ọlọ́run. Ìyàwó Bọ̀dá Báńkì ká ọwọ́ lérí. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọtí ni, ti gbé epo pupa dé nínú ṣíbí, ó ti ń ya ẹnu ọkùnrin náà. Ìgbà yẹn ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé láti iṣẹ́ òru, tòun ti báàgì léjìká. Ó gbá ṣíbí yẹn, epo fọ́n sára ògiri. Ó wà níbẹ̀ dòní, ẹ lè lọ wò ó. Ó ní, "Ẹni tó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti rọ, ẹ fẹ́ da epo sí i lẹ́nu! Ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ!"

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. "Bọ̀dá, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi." Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kejì ò dá sí i. "Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè." Ọ̀kan gbéra, ọ̀kan ò kúrò nílẹ̀. "Kí lorúkọ ìyá yín?" Ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ra wọn. Ó dìde, ó ní, "Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ wá mọ́tò. Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ìròyìn aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lórí rédíò lánlọ́ọ̀dù ni, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sì ti bẹ̀rẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ò rí i pé ojú tí mo fi ń ṣọ́lé yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Rọpárọsẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ. Nínú èkejì, iṣan náà ló bẹ́. Ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀, àfi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú agbárí. Bó bá jẹ́ pé dídí ni, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni àyè tí wọ́n ní láti gún un, láti ìgbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wọ́n bí ojú, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 7:10, fi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ sí i, 11:40.

Ṣùgbọ́n ilé àdúrà kan ni ẹbí kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi òróró yàn án lórí, wọ́n bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ẹni tó bá a jà kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni gosíló Mọ́kọ́lá. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dé ọsibítù. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé dídí ni.

Èmi náà ò wá sinmi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi wádìí ọ̀rọ̀ ọfà náà. Àwọn afurasí mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Èkíní, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wọn ní Tọ́sìdé, tó sì lọ ní Fúráìdé láìjẹ àmàlà tí wọ́n rò fún un. Ta ló ń kọ àmàlà? Èkejì, lánlọ́ọ̀dù. Ẹ̀kẹta, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìyá ìyàwó ni mo dì mú. Mo ti sọ fún ènìyàn mẹ́fà kí ilẹ̀ ọjọ́ Túsìdé tó ṣú, Ìyá Ẹlẹ́ja sì ti sọ ọ́ dé ọjà Bódìjà.

Ní Tọ́sìdé, ìyàwó Bọ̀dá Báńkì ti ọsibítù dé, ó na ìwé kan sí mi. Òun ló fi hàn mí o, ẹ má lọ sọ pé Nọ́ọ̀sì ló tú àṣírí. Bíìpí, 190 lórí 110. Kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù, 264, nígbà tó yẹ kó wà lábẹ́ 200. Ọkùnrin tó ń ka owó àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́, kò ka ti ara rẹ̀ rí. Bíìpí rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀ pé ó wà. Mo gbé ìwé náà sókè sódò, mi ò rí orúkọ ìyá ìyàwó níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá dì kòlẹ́sẹ̀. Irun rẹ̀ pọ̀, ó le, wákàtí mẹ́ta gbáko ni. Mo ní kó sọ fún mi, kí ni nǹkan tó ń jẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù yìí gan-an? Ó ní kì í ṣe májèlé. Ara nílò rẹ̀, òun ló fi ń mọ ògiri gbogbo sẹ́ẹ̀lì tíntìntín inú wa, òun náà ló fi ń ṣe omi ara tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin, tó ń sọ obìnrin di obìnrin. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í bá omi ṣe, ẹ̀jẹ̀ sì sún mọ́ omi, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ kan ń jẹ́ LDL, òun ló ń kó ẹrù jáde láti ẹ̀dọ̀ lọ pín kiri. Bó bá pọ̀ jù, a máa dà á sí ibi tí wọn ò rán an. Ọkọ̀ kejì ń jẹ́ HDL, òun ló ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀.

Mo ní ó ti yé mi. LDL ni Ìyá Ẹlẹ́ja, tó ń kó ọ̀rọ̀ ilé jáde. HDL ni èmi, tó ń kó o padà wálé. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ìlà tí mò ń là fi wọ́. Ẹ ò rí i, ìpàkọ́ rẹ̀ lápá òsì, ó ṣì wọ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ mọ Ògùnpa. Bí òjò bá ṣú lóṣù Ògọ́ọ̀sì, màmá mi ò ní sùn, wọ́n á máa sọ ti omíyalé ọdún 1980. Odò kékeré tí ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dìde tó kó ilé, kó mọ́tò, kó ènìyàn. Gbogbo ayé ní òjò ni. Ṣé òjò ò rọ̀ rí ni? Ọdún gbọọrọ ni a fi da ewé mọ́ínmọ́ín, èèpo iṣu àti kọ̀rọ̀fo agolo sínú odò yẹn, òjò kàn wá ka ìwé rẹ̀ fún wa ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Nọ́ọ̀sì ṣe sọ ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá á rọra wọ inú ògiri iṣan, á gbára jọ síbẹ̀, á di kókó, ọ̀nà á máa dín. Kò ní dùn yín. Kò ní yún yín. Ẹ ó máa jó níbi ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kan ojú kókó náà á ya, ẹ̀jẹ̀ á rò pé egbò ni, á sáré wá dì lé e lórí. Dídì yẹn á dí ọ̀nà níbẹ̀, tàbí kó já, kó gòkè lọ dí iṣan ọpọlọ. Ó lè jẹ́ ìgbà tí èèyàn ń fọ eyín lọ́wọ́.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n?" Ó ní ta ló sọ fún mi pé àgbàlagbà ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ìtàn kan tó mú kí n dáwọ́ dúró. Nígbà ogun Kòríà, àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà la òkú ọmọ ogun 300 tí wọ́n pa. Ọjọ́ orí wọn kò ju bí ọdún 22 lọ ní ìpíndọ́gba. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1953: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 77 ni ọ̀rá ti ń ṣiṣẹ́ nínú iṣan ọkàn wọn. Àwọn ọmọ tó ń gun òkè, tó ń ru ìbọn! Bí wọn ò bá kú sógun, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Àwọn dókítà tiwa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, wá àwọn alárùn rọpárọsẹ̀ kàn ní Nàìjíríà àti Gánà. SIREN lorúkọ iṣẹ́ náà, ọdún 2018 ló jáde. Alárùn 2,118 ni wọ́n kọ sílẹ̀, 515 nínú wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹ pín in: nínú mẹ́rin, ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó fà á lára àwọn tí ò tíì pé àádọ́ta ọdún yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló jókòó sórí àga ọba. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ṣe ségesège ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́, àti ìdààmú ọkàn. Èèyàn ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọ̀rá ju bó ti ṣe lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀gá pátápátá, òun ló sì máa ń bẹ́ iṣan. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ara kan, bíi ti Bọ̀dá Báńkì, lánlọ́ọ̀dù àti àgbẹjọ́rò rẹ̀ ló dé yẹn.

Àìjẹ ẹ̀fọ́, ẹ gbọ́ o! Ṣọkọ tí wọ́n ń kó dànù bí ọjà bá tú.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí òróró Ìyá Alákàrà. Ó ra kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gàdàgbà pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù, ó sì fi kún owó àkàrà. Nọ́ọ̀sì ní òróró wo ló ní in rí? Ara ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà nìkan la ti ń rí i. Ẹ̀pà ò ní in, ẹ̀wà ò ní in, ọ̀pẹ ò ní in. Bí ìgbà tí èèyàn ń polówó ewúrẹ́ pé kì í yé ẹyin ni. Inú Ìyá Ẹlẹ́ja dùn, ó ní epo pupa gba ìdáláre. Nọ́ọ̀sì ní kó má tíì jó. Lóòótọ́ kò sí i nínú epo, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó ń dì, irú rẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀rá ẹran, òun ló sì ń jẹ́ kí LDL pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ẹyin tí a ń bẹ̀rù lọ. Kì í ṣe pé kí a má jẹ epo. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀fọ́ rírò Ìyá Ẹlẹ́ja, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó tó kan ẹ̀fọ́.

Ìyá mi àgbà, ọmọ Ìdíkàn ni. Lọ́dún 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìdíkàn, wọ́n ń wo ọpọlọ àwọn arúgbó, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ tó ti dàgbà ní Indianapolis. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn kéré sí tàwọn ti ọ̀hún dáadáa. Ìran tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko nìyẹn, ẹran ọdún Iléyá ni ẹran wọn. Ẹ wá wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórí ọ̀kadà, wọ́n ń ránni lọ ra ṣàwámà ní òpópónà kejì.

Ó dáa. Nọ́ọ̀sì sọ fún lánlọ́ọ̀dù, wọ́n gbà á láyè, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò ní Sọ́ńdè kan, wọ́n ní káwọn ará ilé wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á gún ọmọ ìka, ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan á kán sórí ìwé pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ á rò ó, nọ́ńbà á jáde. Èmi ni mo ń tò wọ́n sórí ìlà. Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ gbọ́.

Bàbá Wòlíì: bíìpí 170 lórí 100. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ò ní ẹ̀mí mímọ́. Lánlọ́ọ̀dù: 188, wọ́n ń yan kiri. Ọmọ Ìyá Alákàrà, ọmọ ọdún 26 tó ń gbé irin ní ìdíkọ̀, tí àyà rẹ̀ rí bí odó: 241. Kò tíì jókòó tán kó tó dìde pé kí wọ́n tún un gún. Wọ́n tún un gún. 239. Ó jókòó.

Ìyá Ẹlẹ́ja ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé gbogbo wa la rí bí òun ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni, a rí i, àga ń ké lábẹ́ rẹ̀. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ. 171. Ẹ̀yin ènìyàn! 171! Ó gbé ìdí, ó jó yí igi máńgòrò ká lẹ́ẹ̀mẹta. Àtìgbà náà, bó bá fẹ́ kí mi, á ní, "Ẹ ń lẹ́ o, èmi Igba-dín-ní-mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Nọ́ọ̀sì ní kó má gbàgbé pé ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣì lè gbé àtọ̀gbẹ wá. Kò gbọ́.

Tèmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Bọ̀dá Báńkì. Wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnu rẹ̀ ti ń tò. Ọ̀pá ló fi ń rìn yí kànga ká, ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ ń bá a kà á. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Ọ̀rá dúdú ti dópin. Wọ́n ń se ewédú nílé náà báyìí tí gbogbo wa fi ń gbóòórùn irú.

Ẹ ṣì ń wò mí. Ẹ fún mi ní èyí tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò, pé mo tín-ín-rín. Èmi ẹni ọdún 38, tí mi ò ju kílò 52 lọ, tí mi ò fẹ́ràn ẹran. Nígbà tí nọ́ńbà tèmi jáde, Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi bò ó yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n wá bá òun ní ọsibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Dókítà tí mo rí níbẹ̀ ò tíì bi mí ní ohun tí mò ń jẹ. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀ mi, ó ń yí i bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ó nípọn." Ó wá ní, "Bàbá yín ńkọ́?"

Bàbá mi kú lẹ́ni ọdún 41. Ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ lọ́rì ni wọ́n ti di àyà mú, wọn ò tún jáde láàyè. Wọn ò sanra, wọn ò mu sìgá. Ohun tí mo rántí nípa ojú wọn ni àmì méjì rúsúrúsú kan, pẹlẹbẹ, ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tí mo máa ń fi ọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n bá gbé mi lé itan. Àwọn ènìyàn ní àmì àṣejù nídìí oògùn ni. Dókítà ní ọ̀rá ni, ọ̀rá tí ẹ̀jẹ̀ ò rí ibi fi sí. Ó ní àìsàn kan wà tí wọ́n ń bí mọ́ni, tí ẹ̀dọ̀ kì í lè ṣa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. Nínú bí ènìyàn 250, ẹnì kan ní in, bó sì bá wà lára bàbá tàbí ìyá, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀. Kò bìkítà pé èèyàn tín-ín-rín.

Mo ní ṣé kò sí ẹni tó jogún ti ire? Ó ní ó wà. Lọ́dún 2006, àwọn oníwàdìí l'Amẹ́ríkà kéde pé àwọn adúláwọ̀ kan níbẹ̀, bí ẹni 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n bí pẹ̀lú àyípadà kan tó mú LDL wọn kéré, àìsàn iṣan ọkàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ilé wọn. Mo ní àwọn wọ̀nyẹn mọ orí í yàn. Ṣùgbọ́n ẹni méjì àti díẹ̀, ẹ bá mi wá díẹ̀ yẹn kó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ fún mi.

Ẹ̀rín pa dókítà náà. Ó kọ oògùn fún mi, ẹyọ kan lálaalẹ́. Ó ní ará Japan kan tó ń jẹ́ Akira Endo ló rí ìyá irú oògùn náà ní nǹkan bí ọdún 1973, lára ìrẹsì tó bu. Ó yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èébu àti olú wò kó tó rí i. Ẹ má wulẹ̀ lọ máa jẹ ìrẹsì tó bu o. Mo ti sọ fún Ìyá Ìbejì, ó ti ń wo ìkòkò àná.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, mo kàn ń yí i ká ni. Nígbà tí bàbá mi kú, agbo ilé wa wá ẹni tó ta wọ́n lọ́fà, wọ́n sì rí i. Bàbá Kékeré ni, àbúrò wọn, nítorí àwọn méjèèjì jà lórí ilẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá mi sọ ọ́, ìyá mi àgbà sọ ọ́, èmi náà dàgbà, mo ń fi í dirun. Bàbá Kékeré kó lọ sí Ṣakí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọn ò wá síbi ìgbéyàwó mi, n ò sì ránṣẹ́ pè wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé, mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, gìgísẹ̀, àmì ojú, ẹ̀dọ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n dákẹ́ títí kírẹ́díìtì mi fi tán. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ni wọ́n pè mí padà. Wọ́n ní àmì náà wà lójú tiwọn, ti apá ọ̀tún. Wọ́n bi mí pé ọsibítù wo ni.

Fúráìdé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ láti Ṣakí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì á bá wa lọ, ẹ̀gbọ́n ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbúrò jẹ́ mọ́kànlá. Mo ti rìn lọ bá ìyá ìyàwó Bọ̀dá Báńkì ní Mọ́níyà, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo gbé iṣu méjì dání. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pé ogójì ọdún, tí ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín láti àárọ̀, àwọn dókítà ọkàn l'Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá ti pé ogún ọdún ti máa yẹ kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù rẹ̀ wò, ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Nọ́ọ̀sì ní tábìlì yóò tún wà lábẹ́ máńgòrò ní Sọ́ńdè ìparí oṣù.

312 ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́ja gbọ́.